Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

"Màámi, bí ẹ bá tún tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n pè yín, màá kó ẹrù mi lọ sílé Àǹtí."

Bí ọmọ mi ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kò pariwo, kò sì gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń ká. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Mo ń bẹ iṣu lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kun bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn nìkan á rò pé ọmọ burúkú ni mo bí, tàbí pé èmi gan-an ni ìyá burúkú. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Àǹtí tó ń wí kì í ṣe àbúrò mi, kì í sì í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ọtí òkè òkun ní Opebi. Ilé obìnrin náà wà ní Àgídìngbì, yàrá kan sì ṣófo lẹ́yìn ilé ọ̀hún. Ó ti sọ fún ọmọ mi pé kó wá máa gbé ibẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú, torí láti Agége tí à ń gbé, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ọmọ náà fi ń jáde kó tó lè débi iṣẹ́ lásìkò. Mo mọ̀ pé oore ni obìnrin náà fẹ́ ṣe. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ nípa yàrá yẹn, mi ò lè gbọ́ "Àǹtí" lẹ́nu ọmọ mi kí n má fajú ro.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, ẹnìkan nínú ilé fún un ní ọbẹ̀ tó ní edé nínú. Kí n tó ti ẹ̀yìn ilé wọlé, ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti dí, èémí rẹ̀ sì ń dún bíi fèrè. Ọlọ́run ló yọ wá. Dókítà ní edé ni, pé kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu mọ́ láyé. Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ tó wọ ẹnu ọmọ yẹn tí èmi ò kọ́kọ́ tọ́ wò. Bí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, èmi ni màá kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Màá fi ahọ́n wá edé nínú rẹ̀, màá dúró díẹ̀, kí n tó ní kó jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní mo fẹ́ràn oúnjẹ ọmọ ju ọmọ náà lọ. Mo ń jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Ẹja yíyan, èmi kì í rà á lọ́jà, torí orí àtẹ kan náà ni wọ́n máa ń to ẹja àti edé sí. Tútù ni mò ń rà, tí mo ń yan án fúnra mi lẹ́yìn ilé ní Sátidé, lórí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì, pẹ̀lú igi tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì àdúgbò wa. Nígbà òjò, igi náà kì í gbẹ, èéfín rẹ̀ á sì bo gbogbo àgbàlá. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó máa ń bá mi jà pé èéfín mi ti wọ aṣọ ilé ìwé òun.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà kò jìnnà sí èyí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá omi ni mo wà, ní apá Ìkẹjà tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ ni mò ń yẹ̀ wò, bóyá ó dí tàbí ó ń jò. Èyí tó bá ń jò, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi nìyẹn: kí n yẹ nǹkan wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Nígbà tí ọmọ mi wá rí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọtí, mo ta kò ó. Ìjọ tí à ń lọ kì í mu ọtí. Ó ní kì í ṣe pé òun á máa mu ún, pé ṣe lòun á máa tọ́ ọ wò, tí òun á sì tu ú dànù, kí òun lè ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà. Mo ní ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ nǹkan wò? Ó ní Àǹtí ni.

Bí ilé wa ṣe di Àǹtí ní báyìí, Àǹtí ní báyẹn nìyẹn. Àǹtí ní kéèyàn má jẹ ata láàárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ tọ́ ọtí wò. Àǹtí ní kéèyàn má fi lọ́fíńdà sára. Àǹtí ní imú ọmọ mi dára, pé irú imú bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Èmi tí mo bí imú náà jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ wò mí lójú lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà ń ròyìn lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, o ti ní orogún, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ìgbà tí mo fẹ́ ẹ." Òun àti ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìkìlọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ búláòsì rẹ̀ sínú agbọ̀n aṣọ, ó lọ wẹ̀. Mo mú búláòsì náà láti fi kún aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Òórùn tó wà lápá rẹ̀ ló mú mi jókòó. Èéfín ni, kì í ṣe ti sìgá, kì í sì í ṣe ti mọ́tò. Áyódìn sì wà lábẹ́ èéfín náà, oògùn pupa tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi nu ojú egbò. Mo gbé e símú lẹ́ẹ̀kejì. Áyódìn ni.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ṣe é sọ jáde. Mo rò pé wọ́n ti gbé e lọ sí kíní kan tí wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti gé e tàbí tí wọ́n ti ṣe é léṣe, tí kò sì sọ fún mi. Ìyá míì ì bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Èmi náà fẹ́ bi í. Ohun tó dí mi lẹ́nu ni pé ó ti dá mi lójú pé Àǹtí mọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọ tó ti sọ òótọ́ fún ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé tirẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Opebi, mo sì bá a wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, mò ń wá egbò.

Mo ní, "Ibo ni wọ́n ti gé ọ?"

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà náà ni ọ̀gá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn. Mo ti rò pé obìnrin gíga kan tó kun ojú ni màá rí. Obìnrin kúkúrú ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, awò ojú rẹ̀ so kọ́ ọrùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé kí ni mo gbóòórùn rẹ̀ gan-an. Mo ní èéfín àti áyódìn. Ó lọ mú ìgò kan wá láti orí pẹpẹ, ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ imú mi.

Òun náà ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lápá búláòsì. Wisikí ló dà sí ọmọ mi lára nígbà tó ń rọ ọ́ sínú ife.

Ọkùnrin oníbàárà kan tó wọ táì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kí ọ̀gá náà gba Màmá síṣẹ́, pé imú Màmá ti mú ju ti gbogbo wọn lọ, àfi pé yóò máa kó gbogbo oníbàárà lọ sọ́sibítù. Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi, ó fún mi lómi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí mo ti ń retí kó ṣe ohun kan tí màá fi lè kórìíra rẹ̀ láìsí ìdààmú, kò sì ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó gbọ́wọ́ lé ọmọ mi léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, sin Màmá dé ẹnu ọ̀nà." Ọmọ mi, ló pè é.

Ọmọ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tó kìlọ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ní ọ̀gá òun ní kí n wá lọ́sàn-án Sátidé, pé àwọn oníbàárà kan ń bọ̀ wá tọ́ wisikí tuntun kan wò, pé òun fúnra òun, kì í ṣe ọ̀gá, ló máa darí ìjókòó náà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo bi í bóyá òun gan-an fẹ́ kí n wá. Ó ronú sí i.

"Ẹ lè wá. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, Màámi. Kí ẹ ṣáà ti jókòó."

Sátidé náà, mi ò yan ẹja. Ọṣẹ lásán ni mo fi wẹ̀, mi ò sì fi nǹkan olóòórùn sára, torí mo mọ ohun tí Àǹtí wí. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ife kéékèèké wà níwájú olúkúlùkù, ikùn àwọn ife náà tóbi, ẹnu wọn tín-ín-rín. Ife dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ẹni tó bá fẹ́ tu tirẹ̀ dànù. Ọkùnrin onítáì wà níbẹ̀. Ó kí mi, ó ní, "Dókítà wa, ẹ káàbọ̀." Mo dá a lóhùn. Mo jókòó.

Ọmọ mi dúró ní ìkángun tábìlì náà nínú ṣẹ́ẹ̀tì dúdú. Ó ní Sìkótílándì ni ọtí náà ti wá. Ó ní ọkà báálì ni wọ́n fi ṣe é, pé wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí á fi hù, wọ́n á wá fi iná mú un gbẹ. Kì í ṣe igi ni wọ́n fi ń dá iná rẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni, tí koríko ti ń jẹrà sí láti ayébáyé, tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ó ní èéfín ilẹ̀ náà ni èéfín tí a ń gbọ́, pé ibẹ̀ náà ni òórùn áyódìn ti wá. Kò wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kò wò mí.

Lẹ́yìn náà, ó gbé ìgò náà sókè kí gbogbo wa lè rí ìwé ara rẹ̀. Ó ní orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ ilé tó pọn ọtí náà. Oníṣòwò kan ló ra àgbá kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn, tó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá rọ ọ́ sínú ìgò, tó sì fi orúkọ tara rẹ̀ sí i. Ó ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà púpọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn sì bọ̀wọ̀ fún wọn, torí wọ́n mọ àgbá tó dára.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹni tó pọn ọ́n ńkọ́? Orúkọ tirẹ̀ dà?"

Ọmọ mi ní, "Kò sí níbẹ̀, Màámi. Nígbà tí wọ́n ta àgbá náà, wọ́n ní kó má kọ orúkọ àwọn sí i."

Mo ní kí ló dé tí èèyàn á fi ṣe wàhálà tó báyẹn lórí nǹkan, tí á wá yọ̀ǹda kí ẹlòmíì máa jẹ orúkọ lórí rẹ̀. Onítáì fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá ọmọ mi dáhùn kó tó ráyè. Ó ní, "Màmá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mu á mọ̀ ọ́n. Ọtí náà kò gbàgbé ilé tó ti wá." Ìdáhùn rẹ̀ dára, mo sì jowú rẹ̀ nítorí pé ó dára. Mo ń wo ìwé ara ìgò náà, orúkọ gàdàgbà.

Ọmọ mi ní kí a gbé ife símú, kí a má sáré. Òun náà gbé tirẹ̀ símú, ó dijú. Ó bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí ni wọ́n gbọ́. Ẹnìkan ní táyà tó jóná. Ẹnìkan ní ọṣẹ dúdú. Ọkùnrin onítáì ní ọsibítù, ó sì wò mí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Èmi, ẹja tí Màámi máa ń yan lẹ́yìn ilé wa nígbà òjò ni mò ń gbọ́, tí igi ò bá gbẹ. Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Èéfín náà ló máa kọ́kọ́ dé. Ẹ ṣe sùúrù fún un, ẹ ó gbọ́ ọ̀rá ẹja tó ń kán sórí ẹyín iná. Iyọ̀ ló máa kẹ́yìn."

Gbogbo wọn tún gbé ife símú. Wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ọmọ náà bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tó bá gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé. Èmi wà níbẹ̀, ife wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e símú. Ọmọ tó ń bá mi jà nítorí èéfín ló ń sọ èyí. Kò sọ ọ́ fún mi rí. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni àárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí, pẹ̀lú ife ọtí lọ́wọ́ wọn. Inú mi dùn, ó sì tún korò, bíi pé ẹnìkan jí aṣọ mi wọ̀ tó sì bá a mu.

Wọ́n tọ́ ọ wò. Ọmọ mi tu tirẹ̀ sínú ife dúdú bó ṣe ṣèlérí fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ìpápánu jáde: púfúpúfù, sàmósà, àti edé díndín lórí igi tín-ín-rín. Mo rí edé náà kí àwo tó kan tábìlì. Mo rí ọ̀gá ọmọ mi tó fi sàmósà kan sínú àwo kékeré, tó nà án sí ọmọ mi, ọmọ mi sì na ọwọ́.

Mo dìde. Mo ti sọ pé màá jókòó, mo dìde. Mo nawọ́ kọjá níwájú onítáì, ife rẹ̀ ṣubú, mo sì gba sàmósà náà kó tó dé ọwọ́ ọmọ mi.

Obìnrin náà kò yí ohùn padà.

Ó ní, "Màmá, kò sí edé nínú tirẹ̀. Epo ọ̀tọ̀ la fi dín in. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí màá sọ. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, obìnrin yìí ti ń ṣe é, èmi ò sì mọ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ẹ̀mí ọmọ mi ló ń dáàbò bò. Owú tó gbé mi lákòókò yẹn pọ̀ débi pé mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe: mo fi sàmósà náà sẹ́nu, mo sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo rẹ̀. Mo fi ahọ́n wá inú rẹ̀ kínníkínní, lójú gbogbo wọn. Ẹran, àlùbọ́sà àti ata díẹ̀. Kò sí edé nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ọkùnrin onítáì ní ebi ń pa Dókítà. Ọmọ mi ni mò ń wò. Mo rò pé ìtìjú á mú un sunkún. Ṣe ló bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ búláòsì. Ó wá gbé ife mi tí mi ò tíì fi kan ẹnu, ó tọ́ bíńtín wò nínú rẹ̀, ó dúró díẹ̀ bí mo ṣe máa ń dúró, ó sì nà án sí mi.

"Ẹ gbà, Màámi. Mo ti tọ́ ọ wò."

Mo fi kan ahọ́n. Ó gbóná, ó ta mí, lẹ́yìn náà ni èéfín dé, iyọ̀ sì dé bó ṣe wí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, adùn kékeré kan wà bíi ti oyin tó lẹ̀ mọ́ ara afárá. Mo tu ú sínú ife dúdú, torí ìjọ mi. Èéfín náà kò bá a lọ.

Nígbà tí à ń lọ wọ ọkọ̀, mo bi í pé ta ló sọ ti edé fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun ni, lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa sọ ọ́ níbikíbi tí mo bá dé." A rìn díẹ̀. Mo sọ fún un pé tó bá fẹ́ lọ gbé ní Àgídìngbì, kó lọ, àmọ́ kó má fi ìbínú lọ.

"Mi ò bínú mọ́, Màámi. Ọ̀nà yẹn ló ń rẹ̀ mí."

Ó kó lọ nígbà tí oṣù parí. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Ní Sátidé, ó máa ń wá gba ẹja, ọ̀nà méjì ni mo sì máa ń dì í sí, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀, torí ó ní Àǹtí fẹ́ràn rẹ̀. Ẹja tó kéré ni mo máa ń dì fún ọ̀gá rẹ̀. Mi ò tíì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́dọ̀ yín, tí ẹ ń kọ́ wọn níṣẹ́, tí ẹ sì ń fún wọn lóúnjẹ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ọmọ náà bá sọ ohun rere kan nípa ìyá rẹ̀ lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kí òun náà gbọ́.